Bí Gbogbo Wa Bá Ń Polówó, Ta Ni Yóò Rà?

Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé ní èdè Yorùbá ní ìhà tiwa yìí, láti Àjàṣẹ́ dé Ìpọ̀bẹ́, láti Kétu dé Ṣábẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìfẹ̀ tí ó wà ní Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àwọn òǹkàwé rẹ̀ kò pọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èdè Faransé ni a fi kọ́ ọ ní ìwé. Èdè Faransé náà ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìyá rẹ̀ gbọ́ Yorùbá jù ú lọ, ṣùgbọ́n kò mọ̀wé. Àbúrò rẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ó bá rí ojú-ewé Yorùbá tí àmì ohùn kún inú rẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dá a padà. Nítorí náà, nígbà tí irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ bá parí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó gbójú sókè láti wá ẹni tí yóò kà á, ẹni àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ yóò bá ni òǹkọ̀wé mìíràn. Òǹkọ̀wé yẹn náà sì mú ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wá ẹni tí yóò kà á.

Ọjà tí gbogbo ènìyàn ti ń tà, tí kò sí ẹni tí ń rà, kì í pẹ́ tú. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn tí ń kọ̀wé láàárín wa ti sọ ara wọn di olùpolówó. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀yìn ìwé tuntun ni a ó rí lójú fóònù wa, pẹ̀lú àwòrán òǹkọ̀wé níbi tí ó ti ń bọ ẹni ńlá kan lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí a ó kó ìwé náà jáde. Ní ọ̀sán, ẹlòmíràn yóò fi tirẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ń béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé ẹnì kejì. A kò sọ pé ìpolówó burú. Ẹlẹ́kọ tí ó bá gbé igbá kalẹ̀ tí kò kiri, ẹ̀kọ rẹ̀ yóò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́kọ a máa sọ igbá kalẹ̀ nígbà tí ebi bá ń pa á, a máa ra àkàrà lọ́wọ́ alákàrà, a sì máa sọ fún un bí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wo ìkójáde ìwé bí a ti ń ṣe é. A ó gba gbọ̀ngàn, a ó to àga, a ó pe alága ọjọ́ náà àti ìyá ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé Yorùbá yóò bẹ̀rẹ̀ ní èdè Faransé, yóò sì parí ní èdè Faransé. Àwọn àlejò yóò fi owó sínú àpòòwé, wọn yóò gba ẹ̀dà kan, ìlù yóò dún, oúnjẹ yóò yí ká. Ọlá òǹkọ̀wé ni wọ́n rà, kì í ṣe ìwé; a kò sì lè bá wọn wí, nítorí ọlá ni a pè wọ́n wá rà. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn irú ìkójáde bẹ́ẹ̀ kan, a dé ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Àjàṣẹ́, a rí ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, a sì mú un láti kà á. Nígbà tí a dé ojú-ewé 33, ọ̀rọ̀ dorí kodò. Láti ojú-ewé 33 títí dé 48, atẹ̀wé ti di abala náà sódì, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. A wá ẹ̀dà mìíràn ní ilé mẹ́ta. Bákan náà ni. A béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀dà tí atẹ̀wé kọ́kọ́ fi hàn án kò ní àbùkù, òun sì ni ó fi pa mọ́ sílé. Nínú gbogbo àwọn tí ó fi ijó gba ìwé náà, kò sí ẹnì kan tí ó dé ojú-ewé 33. Tàbí bí ó bá wà, kò kà á sí ohun tí ó yẹ kí òun sọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ojú-ewé 33 yìí ni àwa mẹ́fà pinnu láti máa pàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù: olùkọ́ méjì, katikísì kan, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ti fẹ̀yìntì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ́bodè, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì Abomey-Calavi, àti ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ọjà Kétu. Ará Ìfẹ̀ kan láti Atakpamé darapọ̀ mọ́ wa lẹ́yìn náà. A kò sọ ọ́ ní ẹgbẹ́, nítorí ẹgbẹ́ a máa bí ààrẹ, ààrẹ a sì máa bí ìjà. Àáró ni a pè é. Àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò se oúnjẹ, yóò gbé ẹmu kalẹ̀, àwọn ènìyàn yóò wá ràn án lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìkójáde ìwé jọ ọ̀wẹ̀ púpọ̀. Ní ti àáró, oko kọ̀ọ̀kan ni a ń yí ká: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi, ẹni tí kò bá sì gbé ọkọ́ rẹ̀ wá sí oko ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò bá a ro tirẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kàn yóò ti pín ẹ̀dà fún wa ní oṣù kan ṣáájú. Ní ọjọ́ ìpàdé, kì í ṣe òun ni yóò kà á sókè, ẹlòmíràn ni. Òun yóò jókòó, yóò sì dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbìyànjú rẹ̀ wò mọ bí ó ti le tó. Bí òǹkọ̀wé bá ń ka iṣẹ́ ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ a máa tún ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́ ṣe. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti dánu dúró, ó mọ ohun tí ó ní lọ́kàn. Ẹlòmíràn kò mọ̀ ju ohun tí ó wà nínú ìwé lọ. Ní ìpàdé kejì wa, akẹ́kọ̀ọ́ wa ń ka ìtàn kan tí olùkọ́ kan kọ nípa adẹ́mu ní ẹ̀bá Ìpọ̀bẹ́. Òǹkọ̀wé kò fi àmì ohùn kankan sí i. Igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ ni ó ní lọ́kàn. Igbá ni akẹ́kọ̀ọ́ kà. Ni adẹ́mu bá ju igbá yí ọ̀pẹ ká, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì fẹ̀yìn tì í lókè réré. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, òǹkọ̀wé náà pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún bi wá léèrè ohun tí àmì ohùn wà fún.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ ni ó fẹ́ tú wa ká. Àwọn tí ó kọ́ ìwé Yorùbá ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà ń fi ɛ, ɔ àti sh kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1975. Katikísì wa, tí ìwé ìhà kejì ààlà ni ó fi kọ́ ọ, kò fẹ́ rí ohun mìíràn ju ẹ, ọ àti ṣ lọ. Ní 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí ó fi Kétu sí ọwọ́ ọ̀kan, tí ó fi Ìmẹ̀kọ sí ọwọ́ èkejì. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ààlà kan náà wà lórí tábìlì wa, láàárín ife tíì àti búrẹ́dì. Àríyànjiyàn náà gba ìpàdé méjì gbáko. A kò yanjú rẹ̀. A gbà pé kí olúkúlùkù máa kọ ọ́ bí a ti kọ́ ọ, kí gbogbo wa sì kọ́ láti máa ka méjèèjì.

Àwọn kan rò pé ẹgbẹ́ tí ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ tí ń yin ara rẹ̀. Kí mi kí n kí ọ ni ìyẹn. Ìpolówó náà ni, ẹni méjì ni ó kàn pín in ṣe. Nínú ìwé tí Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, ó ṣàlàyé bí àwọn onííjálá tí ó wà ní àwùjọ ti máa ń dá ẹni tí ń sun ìjálá lọ́nà bí ó bá ṣì í pè, tí wọn yóò sì tún un ṣe ní gbangba. Ẹni tí a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe lè gbèjà ara rẹ̀, eré yóò sì máa lọ. Àwọn ọdẹ wọ̀nyẹn kò rí àtúnṣe bí ìwọ̀sí, nítorí pé ohun tí wọ́n jọ ni, tí wọ́n sì jọ ń ṣọ́, ni wọ́n ń tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ìhà tiwa tí àwọn onííjálá kò ní í bá fà. Ní ilé-ìwé ìgbà àwọn Faransé, ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi àmì kan kọ́ lọ́rùn, tí yóò sì gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ kí ọmọ mìíràn sọ ọ́, kí ó lè gbé e fún un. Àṣà náà kò sì tán ní gbogbo ilé-ìwé ní ọjọ́ tí òmìnira dé. Méjì nínú wa ti gbé àmì náà rí. Ẹni tí a ti fi ìyà kọ́ pé àṣìṣe ni èdè rẹ̀ látòkè délẹ̀, bí a bá fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà nìkan ni ó ń rí. Nítorí náà, a kì í lo pupa. Ẹni tí ó bá ní àtúnṣe yóò kọ́kọ́ ka gbólóhùn náà sókè, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ibi tí etí òun ti kọ̀ ọ́.

Síbẹ̀ náà, ó dun ni. Ìyá aláṣọ wa kọ ewì gígùn kan, ojú-ewé 41, nípa obìnrin tí ń gbé ẹrù aṣọ gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ wọ Kétu lóru. Ewì náà dára gan-an. Àwọn aṣọ́bodè inú rẹ̀ jọ ènìyàn tí a mọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gbẹ́ni wa tí ó ti fẹ̀yìntì fi ń wo ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a ń kà á. Ṣùgbọ́n láti ojú-ewé 17 títí dé 22, oríkì olóyè kan ni ó gba inú rẹ̀ kan, olóyè tí ìyá náà ń retí pé yóò san owó ìtẹ̀wé. Nígbà tí a ka ibẹ̀ tán, ilé dákẹ́. Katikísì ni ó sọ ọ́: “Ìyá wa, ẹ má bínú. Obìnrin tí ń gbé ẹrù lóru yìí, níbo ni ó wà nígbà tí ẹ ń ki olóyè?”

Ìyá kò dáhùn. Ó ká ewì rẹ̀, ó fi sínú àpò, ó ní ọkọ̀ Kétu kì í dúró de ènìyàn. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, kò wá. A pè é, ó ní ọjà ni kò jẹ́ kí òun ráàyè. Ọ̀kan nínú wa ní kí a fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́; òmíràn ní kí a lọ bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ katikísì kì í ṣe irọ́, a kò sì rí ohun tí a ó fi bẹ̀bẹ̀. Ní ìkẹyìn, olùkọ́ tí ó dàgbà jù láàárín wa wọ ọkọ̀ lọ sí Kétu pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ó bá ìyá ní ìsọ̀ rẹ̀, ó kí i, ó ní: “Ìyá, iṣẹ́ tèmi ni ó kàn ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹ kò tí ì bá mi ro oko mi.” Kò dárúkọ ewì. Ìyá gba ìwé náà, ó kà á fún ọjọ́ mẹ́ta láàárín oníbàárà kan sí òmíràn, ó sì ránṣẹ́ pé gbogbo obìnrin inú ìtàn náà ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́, pé kò sí èyí tí ó mọ iye tí ata ń lọ. Òótọ́ ni. Ó wá sí ìpàdé láti fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ó gbé ewì rẹ̀ padà wá, olóyè ti jáde kúrò nínú rẹ̀, àfẹ̀mọ́júmọ́ kan ti wà níbẹ̀, tí obìnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn odi, tí ó ń gbọ́ ìlù láti inú ìlú.

Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Gbogbo ayé ti gbọ́ orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti ìgbà tí UNESCO ti kéde rẹ̀ ní 2001, tí ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ ogún aráyé ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí ìyá aláṣọ fi yé wa kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, bí a ti mọ̀ ọ́n mọ. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń dúró láàárín àwọn elégbè ní òru Ẹ̀fẹ̀, ní gbàgede ọjà. Ẹni tí yóò kọrin yóò kọ́kọ́ júbà, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn tí ó ti kọrin ṣáájú rẹ̀, kí ó tó lé tirẹ̀. Orin tí elégbè bá gbà ni yóò dé ilé, tí a ó máa kọ lọ́nà odò lọ́jọ́ kejì. Èyí tí wọn kò bá gbà, ẹnu ẹni tí ó lé e ni ó ń kú sí, bí ohùn rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Lẹ́yìn èyí ni a ṣe òfin kan tí àwọn ènìyàn fi ń rẹ́rìn-ín wa: kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ polówó ìwé ara rẹ̀, ìwé ẹlòmíràn ni kí ó máa polówó, ó sì gbọdọ̀ ti kà á tán. Nígbà tí a tẹ ewì ìyá aláṣọ, ẹ̀dà 200 ni a tẹ̀. Kò sí ìkójáde. Katikísì gbé 20 lọ sí ọ̀nà Sákété, ó ń ka àfẹ̀mọ́júmọ́ náà fún àwọn ènìyàn kí ó tó dárúkọ owó. Ọ̀gbẹ́ni aṣọ́bodè gbé tirẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà iṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá wo ara wọn nínú dígí. Nígbà tí a kọ nǹkan wọ̀nyí, 140 ti jáde. Kì í ṣe iye tí a fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n a ti rí ẹni mọ́kànlá, tí a kò mọ̀ rí, tí wọ́n pe ìyá láti bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà lẹ́yìn ojú-ewé tí ó kẹ́yìn.

Àwọn kan ti ṣe irú èyí ṣáájú wa, ní ọ̀nà tí ó tóbi ju tiwa lọ. Alioune Diop, ọmọ ilẹ̀ Senegal, dá Présence Africaine sílẹ̀ ní 1947, ó sì pe àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà aláwọ̀ dúdú jọ sí Sorbonne ní Paris ní 1956. Ìwé àwọn ẹlòmíràn ni ó fi ayé rẹ̀ gbé jáde. Ẹ béèrè ìwé tí ó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò máa họrí. Ní Ìbàdàn, ní 1961, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti Ulli Beier wà lára àwọn tí ó dá Mbari sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ti ń tẹ ìwé ara wọn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dúró Ládiípọ̀ ṣí irú rẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn ará ìlú sì yí orúkọ Ìgbò náà sí Yorùbá, ó di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. A fẹ́ràn àyípadà yẹn ju orúkọ àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ń yọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹni tí ó wá wòran. Ṣóyínká kan náà ni ó jókòó tú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìtumọ̀ náà jáde ní 1968, nígbà tí Fágúnwà ti lo nǹkan bí ọdún márùn-ún ní ọ̀run. Òkú kò lè bá a ro oko padà.

A kò ní tan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: àáró yìí ń gba àkókò. Ẹni tí ó bá ń ka iṣẹ́ ẹni mẹ́fà yóò kọ tirẹ̀ díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ méjì náà fi wá sílẹ̀ nítorí èyí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rere lẹ́nu, ó sì ti gbé ìwé méjì jáde láti ìgbà náà, nígbà tí àwa yòókù gbé ẹyọ kan jáde lápapọ̀. A ra méjèèjì, a kà wọ́n. Èkíní dára. Nínú èkejì, a rí ibi mẹ́ta tí a kì bá ti dá a dúró, a sì kọ wọ́n sínú lẹ́tà fún un. Ó ti fèsì lórí ọ̀kan.

Ní oṣù tí ń bọ̀, oko ará Atakpamé ni ó kàn. Ìtàn bàbá rẹ̀ àgbà ni, ní ẹ̀ka èdè Ìfẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ dáadáa, ojú-ewé 62. Ó ti fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù kí a lè mọ bí a ti ń pe àwọn ọ̀rọ̀ kan. Ìyá aláṣọ ni yóò kà á sókè. Ó ti ń fi í dánra wò ní ìsọ̀ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń bá a jiyàn lórí rẹ̀.